Pẹ̀rẹ̀gún Mẹ́rin Nínú Pálọ̀ ní Thamesmead

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Tíṣà, báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí?" Ẹ ń bi mí, ojú yín sì wà lára báàgì mi. Mo mú nǹkan bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ lè wọ̀ ròde. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan ni, ojú ìwé méjì péré ni mo sì kọ nǹkan sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ bí mo ṣe rí ojú ìwé méjì náà, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bínú sí mi nínú ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdílé wa, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ màlúù. Ọba ìgbà náà ló fi ọ̀dàn yẹn ta Bàbá Àgbà wa lọ́rẹ kí màlúù rẹ̀ lè ríbi jẹ̀, nítorí pé ní ọdún tí ìyàn mú, màlúù rẹ̀ ni ìlú fi la ìyàn náà já. Wọn ò kọ ìwé kankan. Wọ́n rìn ín yí ká ni, wọ́n gbin pẹ̀rẹ̀gún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí. Ṣùgbọ́n màlúù tán, igbó bo pẹ̀rẹ̀gún, àwọn tó mọ ààlà náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ìdílé Alágbẹ̀dẹ tí a jọ pààlà ní àwọn ló ni Odò Ẹtù tó wà létí ilẹ̀ náà. Àwa náà ní inú ilẹ̀ wa ló wà. Kábíyèsí wá ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí wá kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó bá Bàbá Àgbà rin ààlà náà rí. Bọ̀dá Délé ni, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kẹta. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù sì ti ń já jálajàla. Ẹbí bá ní kí èmi lọ, kí n lọ gba Odò Ẹtù bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹṣin ni mo kọ́kọ́ rí

Ilé gíga àti èrò ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tèmi, ọmọ Bọ̀dá, fi mọ́tò gbé mi wọ Thamesmead, àdúgbò tí Bọ̀dá ń gbé, koríko ni mo rí, koríko tútù tó lọ títí, omi tó dákẹ́ láàárín rẹ̀, àti ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń jẹ̀.

"Tèmi, ta ló ni àwọn ẹṣin yìí?"

"Auntie, I don't even know o. Wọ́n kàn máa ń wà níbẹ̀ ni."

Ẹṣin nínú ìlú ọba, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ olówó rẹ̀! Mo ní lọ́kàn mi pé ibí yìí ò ṣàjèjì tó bí mo ṣe rò.

Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí títí, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé kò mọ̀ mí mọ́. Ó wá ní, "Àbẹ̀kẹ́." Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Tíṣà ni mí, Màmá Tóyìn ni mí, Ìyáàfin ni mí. Àbẹ̀kẹ́ tó kù láyé, ẹnu ọkùnrin yẹn nìkan ló wà. Mo sunkún, mi ò tijú.

"Ẹ kú ilé, Bọ̀dá mi."

"Wọlé, wọlé, òtútù wà níta. Ṣé àwọn màlúù ti wọlé?"

Mo wo ojú Tèmi. Ó rọra mi orí. Ìgbàgbé ti ń mú bàbá rẹ̀: lọ́jọ́ kan ara á pé, lọ́jọ́ kejì á wà ní ọ̀dàn wa pẹ̀lú àwọn màlúù tó ti di ẹran ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú pálọ̀ náà. Pẹ̀rẹ̀gún ni, mẹ́rin, nínú ìkòkò òdòdó. Ọ̀ṣọ́ ilé làwọn òyìnbó ń fi í ṣe o! Ilé ìtajà kan ní Nathan Way ni Bọ̀dá ti rà wọ́n. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tẹlifíṣọ̀n lójú, ọ̀kan wà níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kọ bí wọ́n bá ń lọ sí yàrá, ọ̀kan sì wà nínú ilé lẹ́bàá ilẹ̀kùn gíláàsì tó lọ sí fàráńdà. Omi tí mo rí nígbà tí mò ń bọ̀ ló wà nísàlẹ̀ fàráńdà náà. Láràárọ̀ ni Bọ̀dá ń bomi rin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ a máa jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ó jọ ọ́

Àwọn ará ibẹ̀ kì í kí èèyàn. Mo kí obìnrin kan nínú lífìtì, mo kí i dáadáa, mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọ́n á bẹ̀ ọ́. Ìwà ọmọlúàbí wọn wà, ibi tó wà ni mi ò tètè mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n kí mi bó ṣe yẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì Tèmi wà láàárín ilé ẹrù àti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ṣí, Èkó ló wà nínú rẹ̀. "Mummy, ẹ kú àbọ̀! Ṣé journey yín smooth? Ṣé òtútù yìí ò ti máa disturb yín?" Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé. Ọ̀kan di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n lọ. Ó ní ìyá òun ti kú láti ọdún mẹ́rin, òun ò sì lè lọ sìnkú rẹ̀.

Tèmi alára, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni. Glyndon Estate ló ń gbé, ṣùgbọ́n kò sírọ̀lẹ́ kan tí kì í wá wo bàbá rẹ̀. Kò mọ "ẹ". "Auntie, o ti jẹun?" "Auntie, kí lo fẹ́ mu?" Lọ́jọ́ kìíní, etí mi gbóná. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i tó ń gé èékánná ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, mo pa ẹ̀kọ́ mi mọ́ sápò.

Kò sí oúnjẹ ilé wa tí ẹ ò ní rí rà ní ọjà Woolwich, iṣu tí wọ́n gé sínú ọ̀rá náà wà. Wàrà ni kò sí. Bọ̀dá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó pẹ́ tí mo ti jẹ wàrà." Mo ra mílíìkì inú ike, mo gbé e kaná. Ibo ni mo ti máa rí ewé bọmubọmu tí a fi ń mú un dì? Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó dì, mo sẹ́ ẹ, mo dín in. Bọ̀dá jẹ ẹyọ kan, ó rọra ń jẹ ẹ́, ó pajú dé.

"Ó jọ ọ́," ó ní. "Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́."

Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń bi mí nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìgbà tí mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi lórí wàrà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn tí kò lè relé mọ́ ju bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré lọ.

Ilẹ̀ tí ọba Sípéènì fún wọn

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Bọ̀dá ní nílé náà ni Mista Ansẹ́lmò tó ń gbé ní fúláàtì òdìkejì. California ni wọ́n bí i sí. Ọmọbìnrin ṣọ́jà kan ní bárékè ńlá Woolwich ló fẹ́, ó tẹ̀ lé e wá, obìnrin náà ti kú, òun sì wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wá mu tíì. Ó máa ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá," tí yóò sì tẹ orí ba.

Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni mo tú fún yín yìí.

Ó ní baba ńlá òun, ṣọ́jà ọba Sípéènì ni. Nígbà tó dàgbà kọjá ogun, gómìnà ọba ta á lọ́rẹ koríko, kó fi da màlúù. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ẹlẹ́ṣin méjì ló di okùn mú, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kà á. Ẹnì kan ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé: òkè kan, odò kan, igi ńlá kan, agbárí màlúù tí wọ́n fi há ẹ̀ka igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́, ó já koríko, ó ṣẹ́ ẹ̀ka, ó ju òkúta síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ti dé.

"Bíi ti Bàbá Àgbà wa gẹ́lẹ́!" mo ní.

"Ó dúró," Mista Ansẹ́lmò wí. "Sípéènì lọ, Mẹ́síkò gbà á. Kò pẹ́, Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Ìjọba tuntun ní kí gbogbo ẹni tó nílẹ̀ wá fẹ̀rí hàn ní kóòtù. A gbé àwòrán wa lọ. Adájọ́ ní, 'Igi wo nìyí?' Wọ́n ti gé e. 'Odò wo nìyí?' Odò ti yà gba ibòmíràn. Agbárí màlúù? Ajá ti gbé e lọ. Ẹjọ́ náà pẹ́ débi pé nígbà tí wọ́n máa fi dá wa láre, ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wa. Itẹ́ òkú wa nìkan ló kù, ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ilé ìtajà kan."

Ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo ní láti béèrè: "Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà kí ọba yín tó pín in ńkọ́?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Wọ́n wà níbẹ̀," ó ní. "Àwọn ló wá ń bá wa da màlúù. Kò sí orúkọ wọn lórí àwòrán. Ìyá mi àgbà kì í fẹ́ kí á béèrè ìyẹn."

Bọ̀dá tí a rò pé ó ti sùn lórí àga sọ̀rọ̀: "Bàbá Àgbà béèrè."

Mo yára súnmọ́ ọn. "Kí ni Bàbá Àgbà béèrè, Bọ̀dá?"

Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ.

Mo tún pálọ̀ ṣe

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Mo bi í nípa Odò Ẹtù ní àárọ̀, mo bi í ní ìrọ̀lẹ́. Á ní "Ó wà níbẹ̀", á sì máa na ọwọ́ sí ìta. Ẹbí ń pè mí láti ilé: "Ṣé ó ti sọ ọ́?" Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí ọkàn mi ò bá sì balẹ̀, ẹ mọ̀ mí, ìgbálẹ̀ ni mo máa ń gbé.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, Mista Ansẹ́lmò mú Bọ̀dá lọ síbi tí àwọn arúgbó ti ń jọ jẹun ọ̀sán. Mo gbá ilé, mo nu fèrèsé, mo fọ aṣọ ojú fèrèsé. Mo wo àwọn pẹ̀rẹ̀gún tó ń kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ yẹn. Oòrùn yọ lọ́jọ́ náà, irú èyí tó ń tàn tí kì í mú. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n gba afẹ́fẹ́. Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sí fàráńdà, mo tò wọ́n sí ìlà kan bí ọmọ iléèwé, wọ́n kọjú sómi. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo tiẹ̀ kọrin.

Nígbà tí Bọ̀dá dé, ó gbé ife tó fi ń bomi rin wọ́n bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò rí nǹkan kan. Ó yí padà sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò rí nǹkan kan. Ó dúró láàárín pálọ̀, omi ń kán láti inú ife náà sórí bàtà rẹ̀.

"Ta ló yẹ ààlà?" ó ní.

Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ni mo kó wọn síta, kí oòrùn..."

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló yẹ ààlà Bàbá Àgbà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi tí mo wá ìdí ààlà dé Lọ́ńdọ̀nù, ààlà náà gan-an ni mò ń fi ẹsẹ̀ kọ láràárọ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ìgbàgbé ń bọ̀. Ó ti gbin ilẹ̀ wa sínú pálọ̀ rẹ̀ kí ìgbàgbé tó dé, ó sì ń rìn ín yí ká láràárọ̀ kó má baà nù. Ọmọ ìyá rẹ̀ wá fi ọwọ́ tí kì í dilẹ̀ hú u. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni a máa ń pe ẹni tó bá yẹ ààlà ní ilé wa, a kì í sì í bá a jẹun.

Ojú kápẹ́ẹ̀tì

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé ife omi yí pálọ̀ ká, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Tèmi pẹ̀lú omijé pé mi ò mọ ojú ibi tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan wà gan-an mọ́. Ó jókòó, ó ronú, ó wá ní, "Auntie, calm down. Wo carpet."

"Kí ló wà lára kápẹ́ẹ̀tì?"

"Àwọn pot yẹn heavy. Ọdún mélòó ni wọ́n ti wà níbẹ̀? They must have left marks now."

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀. Lóòótọ́, ojú ìdí ìkòkò wà níbẹ̀, ó ṣe róbótó, ó tẹ̀ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì. Ti ẹnu ọ̀nà, a rí i. Ti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a rí i. Ti ọ̀nà yàrá, a rí i. Mo wá ń rá lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn gíláàsì, mo sì ń gbàdúrà, n ò ní purọ́ fún yín, pé kí ojú ti ẹ̀kẹrin má sí níbẹ̀. Kó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó wà lẹ́bàá omi, kí odò lè jẹ́ tiwa. Ó wà nínú ilé. Ó ku ìgbésẹ̀ kan kó dé ilẹ̀kùn.

A gbé wọn padà sáyè wọn. Bọ̀dá dìde lórí àga bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bomi rin, ó sì ń sọ̀rọ̀. Mo dẹ etí sún mọ́ ọn, mo ń kọ. "Àpáta Ẹyẹlé." Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. "Igi osè." Ó lọ sí ọ̀nà yàrá. "Ògán ńlá." Ó dé ibi ilẹ̀kùn gíláàsì, ó sì dúró.

"Èyí ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Ogójì ìgbésẹ̀ sí Odò Ẹtù."

"Odò náà ńkọ́?"

Ó wo omi tó wà nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó rí bó ṣe rí nínú fọ́tò ìgbà tó ń lọ. "Odò tiwọn ni. Àwọn Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọba fẹ́ fi odò náà kún ilẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní odò ò ṣeé fún un, ṣùgbọ́n kí màlúù rẹ̀ máa mu. Bàbá Àgbà ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá pe odò náà ní tiwa, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́."

Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi àti Tèmi nìkan la rí ojú ibẹ̀. Kí ló ṣòro nínú ká ti ìkòkò kan kọjá ilẹ̀kùn? Mo ti gbé e kọjá rí, mo sì kọrin nígbà náà. Mo rántí àwòrán Mista Ansẹ́lmò tí orúkọ àwọn kan ò sí lórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí Bọ̀dá ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Ẹyẹlé. "Bí o bá délé," ó ní, "bá mi kí koríko." Mo mọ̀ pé mi ò ní rí i mọ́. Ó ṣì ń ro mí báyìí tí mò ń sọ ọ́.

Odò Ẹtù

Ẹ mọ èyí tó kù. Mo ka ojú ìwé méjì náà níwájú Kábíyèsí. Bàbá Rẹ̀mí, olórí ẹbí wa, dìde, ó pariwo, "A rán ọ pé kí o gbé odò wá, ààlà lo gbé wá!" Láti ọjọ́ náà, kò dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Mo sì ń kí i.

Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé méjèèjì ló jọ ṣán igbó láti wá pẹ̀rẹ̀gún náà. Ní ogójì ìgbésẹ̀ sí odò, a rí i: pẹ̀rẹ̀gún, ó ti di igbó fúnra rẹ̀, ìdí rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ. Bàbá Alágbẹ̀dẹ fi igbá bu omi Odò Ẹtù, ó gbé e fún mi, mo mu. Mo wá pe Tèmi lórí fóònù tó ń fojú hàn, mo ní kó gbé e fún bàbá rẹ̀. Mo yí fóònù sí pẹ̀rẹ̀gún náà, mo sún un mọ́ ọn kó lè rí ewé rẹ̀, kó rí omi tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ wò ó! Ṣé ẹ rí i?"

Ó sún ojú mọ́ fóònù. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tí ara rẹ̀ pé.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ le bíi ti ẹ̀gbọ́n. "Má gbé ìyẹn kúrò níbẹ̀ o."

"Mi ò ní gbé e, Bọ̀dá," mo ní. "Ibẹ̀ ló máa wà."